Iná Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn, Kí Ẹ Tó Yan Ààrò Písà

Láti ìgbà tí a ti mọ ààrò amọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ máa ń bi mí: irú ààrò písà wo ni kí àwọn rà sílé? Ẹlòmíràn ti rí àwòrán ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn sì ní àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti ṣèlérí pé òun yóò fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí ọdún Kérésì tó dé. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti bí ó ti ń dán tó ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní tèmi, ohun tí yóò máa jó nínú ààrò náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ jókòó rò, yálà igi ni, tàbí gáàsì, tàbí èédú, tàbí iná mànàmáná, nítorí pé ààrò tó dára jù lọ kò wúlò fún ẹni tí kò rí ohun tí yóò fi dá iná sí i nígbà tí ìyẹ̀fun ti wú tán tí àwọn ọmọ sì ti jókòó dè é.

Kí a tó dé orí irú iná tí a ó dá, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí iná náà ṣe. Ní ìlú Naples ní Ítálì, níbi tí iṣẹ́ àwọn tó ń yan písà ti níyì débi pé àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà ìran ènìyàn tó yẹ kí a tọ́jú ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1984 láti máa ṣọ́ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe písà ìlú wọn. Ìlànà ẹgbẹ́ náà ni pé kí ilẹ̀ ààrò gbóná tó nǹkan bí 380°C sí 430°C, kí òrùlé rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 485°C, kí písà má sì lò ju ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ nínú rẹ̀. Ófùn tó wà lábẹ́ sítóòfù ilé kì í sábà gbóná ju 250°C lọ. Písà yóò lo tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, omi inú ìyẹ̀fun yóò sì ti gbẹ kí ojú rẹ̀ tó pọ́n, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń le gbagidi. Ooru méjì ni písà ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tí bíríkì ìsàlẹ̀ ń fi sí i nídìí, àti èyí tí òrùlé àti ọwọ́ iná ń rọ̀ lé e lórí. Bí ìsàlẹ̀ bá gbóná ju òkè lọ, ìdí rẹ̀ yóò jóná nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì funfun.

Ooru, nígbà náà, ni a ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé èéfín igi ló ń mú písà dùn, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fojú kéré gáàsì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹran tí a gbé sókè iná láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni èéfín ń ráyè wọ̀ lára. Ohun tó lo ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú ààrò tí igi rẹ̀ ń jó geere, tí èéfín rẹ̀ sì ń gba òkè ẹnu ọ̀nà jáde, kò ní àkókò láti mu èéfín. Bí a bá gbé písà inú ààrò gáàsì tó gbóná dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ ti inú ààrò igi tó gbóná bákan náà, yóò ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti mọ èyí tó jẹ́ ti igi.

Ohun tí igi fi ju gáàsì lọ wà níbòmíràn. Ó wà nínú ooru tó ṣẹ́kù sínú ààrò lẹ́yìn tí a bá ti jẹ písà tán. Ààrò amọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn máa ń lọ́ra láti gbóná. Ó lè gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí dúdú tí èéfín fi kun òrùlé rẹ̀ nínú tó jó kúrò tí ibẹ̀ yóò sì padà mọ́, èyí tí í ṣe àmì àtijọ́ tí àwọn tó ń yan búrẹ́dì fi ń mọ̀ pé ààrò ti tó lò. Bí ó ti lọ́ra láti gbóná náà ni ó ṣe ń lọ́ra láti tutù. Ní ọjọ́ Sátidé tí a bá dáná sí tiwa, lẹ́yìn písà, a ó kó ẹyinná jáde, a ó fi aṣọ tútù tí a so mọ́ igi nu ilẹ̀ ààrò, a ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ lè pín dọ́gba. Nígbà tí ó bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 230°C, búrẹ́dì ọjọ́ Àìkú yóò wọlé. Bí búrẹ́dì bá jáde, adìyẹ tàbí ìkòkò ẹ̀wà tí a dé dáadáa yóò wọlé, yóò sì máa jinná díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ko iná mọ́. Ní òru, nígbà tí ooru náà ti rọ̀ gan-an, ata, ilá àti ẹja ni a máa ń tẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ. Igi tí a fi ṣe gbogbo èyí kò ju èyí tí a dá fún písà lọ. Ààrò gáàsì kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin tín-ín-rín ni ara rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a pa á tí yóò fi tutù.

Nítorí èyí, ìbéèrè tí èmi náà máa ń dá padà fún ẹni tó bá bi mí ni pé: ènìyàn mélòó ló wà nílé yín, kí ni ẹ ó sì fi ooru tó bá ṣẹ́kù ṣe? Ọ̀pọ̀ agboolé wa ní ilẹ̀ Òkun, agbègbè tí Kàbà wà, ṣì kún. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wá lo ìsinmi láti Àbújá àti Lọ́kọ́ja náà wà níbẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ooru ààrò amọ̀ kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tí wọ́n ń gbé ilé onílé pẹ̀lú ọmọ kan, tí wọn kò fẹ́ ju písà méjì lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò yẹ kí wọ́n jó igi fún wákàtí méjì nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Gáàsì ni mo máa ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ níyànjú láti lò. Ààrò gáàsì kékeré tó ṣeé gbé, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Ooni ti Scotland àti Gozney ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe, lè gbóná tó láàrin nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣirò gáàsì rẹ̀ kò le. Kílógíráàmù gáàsì ìdáná kan ní agbára tó tó nǹkan bí 12.8 kilowatt-hour nínú. Bí ààrò kan bá ń jó ní kilowatt 5, yóò lo nǹkan bí 0.4 kílógíráàmù ní wákàtí kan, sílíńdà oní-12.5 kílógíráàmù tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìdáná wa yóò sì gbé e fún nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí. Ẹni tó bá ń dá a fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ yóò lò ó ju oṣù mẹ́fà lọ. Iye tí gáàsì ń lọ lónìí kọ́ ni yóò lọ lọ́la, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣirò yìí ẹ lè mọ ohun tí yóò ná yín nígbàkigbà.

Ibi tí ààrò tí a fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ti máa ń da ilé rú ni régúlétọ̀. Ẹnu régúlétọ̀ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà kò bá ti sílíńdà wa mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, irú gáàsì ìdáná méjì ló wà: ohun èlò tó ń lo bútéènì máa ń gba mílíbáà 28 tàbí 30 (mílíbáà ni a fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì jáde), èyí tó ń lo pròpéènì sì máa ń gba 37. Wọ́n máa ń kọ irú gáàsì àti iye mílíbáà tí ààrò ń fẹ́ sí ara rẹ̀ tàbí sínú ìwé tó bá a wá. Ẹ mú ìwé náà lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì dájú, kí ó bá yín wá régúlétọ̀ tó bá ààrò mu tó sì wọ ẹnu sílíńdà yín láìsí ìfipá. Lẹ́yìn tí a bá so ó tán, kí a fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀, kí a sì ṣí sílíńdà láìtíì ṣáná. Ibi tí ó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò máa wọ́ lọ títí yóò fi kó sínú kòtò tàbí gọ́tà, nítorí náà ẹ má ṣe gbé sílíńdà sí ibi tó lọ sísàlẹ̀ nínú ọgbà.

Iná mànàmáná ló rọrùn jù láti lò, òun nìkan sì ni mo lè gbà kí ẹnikẹ́ni gbé sínú ilé ìdáná. Ooni gbé ààrò oníná kan tí wọ́n pè ní Volt jáde ní ọdún 2023, ó ń gbóná dé 450°C pẹ̀lú 1,600 watt péré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó lé e, ẹ mọ ìpín iná tí àdúgbò yín wà. Nínú ètò ìpín tí a ń lò ní Nàìjíríà, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n là kalẹ̀ fún Band A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, àti 4 fún E. Ẹni tó wà ní ìpín tó kẹ́yìn kò lè mọ̀ bóyá wákàtí tí ìyẹ̀fun òun yóò wú ni iná yóò wà. Ìyẹ̀fun tí yíìsì ti gbé sókè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wú kọjá ààlà, yóò rọ̀, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ pátákó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó kilowatt kan kò lè gbé irú ààrò yìí rárá. Bákan náà, ààrò oníná tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, tí ó ń fẹ́ 120 volt, yóò bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí a bá kì í bọ inú iná wa tó jẹ́ 230. Bí ilé bá ní ọ̀kan ṣoṣo láti rà, èmi kò ní rà á ní agbègbè wa.

Èédú ń gbóná dáadáa, àmọ́ kò ní ọwọ́ iná gígùn tí yóò yí gba abẹ́ òrùlé ààrò kọjá láti pọ́n ojú písà. Ó dára láti fi gbóná ilẹ̀ ààrò, kí a tó ju igi wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ní ti èérún igi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra, èyí tí ààrò àkọ́kọ́ Ooni ń lò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, kì í ṣe ohun tí a ń rí rà ní ọjà Kàbà tàbí ti Ìsánlú. Ẹ má ṣe gba ààrò tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi ní ti ààrò amọ̀, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ wa. Nígbà tí a fẹ́ mọ tiwa, mo bi bàbá tó mọ ọ́n fún wa bóyá kí n lọ gbẹ́ amọ̀ wá létí odò. Ó ní, “Rárá, ọmọ mi. Erùpẹ̀ ọ̀gán ni kí o wá. Ikán ti bá wa ṣà á, wọ́n sì ti bá wa pò ó.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé kí n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè le?” Ó ní, “Sìmẹ́ńtì kò bá iná gbé.” Òótọ́ ló sọ. Omi tó wà nínú sìmẹ́ńtì gbígbẹ ló so ó pọ̀, bí ooru bá sì ti ń pọ̀ jù, omi náà yóò jáde, sìmẹ́ńtì yóò sán, yóò sì máa ṣí dànù. Erùpẹ̀ ọ̀gán tí a gún kúnná tí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tó bá lẹ̀ jù ń fẹ́ yanrìn, kí ó má baà sún kì tí yóò fi sán. Kí a mọ ìṣù kékeré mélòó kan tí yanrìn wọn kò dọ́gba, kí a sá wọn, kí a sì mú èyí tí kò sán.

Ilẹ̀ ààrò ni kí ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ ṣọ́ra. Bíríkì iná, èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti gba ooru ńlá, ló dára jù. Bí kò bá sí, bíríkì amọ̀ tí a ti sun dáadáa ṣeé lò, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù yanrìn àti sìmẹ́ńtì kò yẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wo àwọn òkè àpáta tó yí Kàbà ká, tí wọn a sì ní kí a kúkú ṣá òkúta ibẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ ààrò. Àpáta bẹ́ẹ̀ ní òkúta dídán funfun tí à ń pè ní quartz nínú, ó sì máa ń wú lójijì ní 573°C, èyí tó ń mú kí àpáta sán. Òkúta inú odò tún burú jù, nítorí pé omi tó há sínú rẹ̀ lè di ooru kí ó sì bú gbàù lójú ènìyàn.

Òrùlé ààrò ni kí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kí ọwọ́ iná lè yí gba abẹ́ rẹ̀. Bí a bá wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ ààrò, kí gíga ẹnu ọ̀nà tó nǹkan bí 63 nínú 100 rẹ̀. Bí òrùlé bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹnu ọ̀nà ga ní 25. Bí ẹnu ọ̀nà bá ga jù, ooru yóò máa sá jáde. Bí ó bá kéré jù, iná kò ní rí afẹ́fẹ́, èéfín yóò sì kún inú. Lẹ́yìn ipele amọ̀ àkọ́kọ́, kí a fi ipele mìíràn bò ó, èyí tí a po èèpo ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun pákó mọ́. Èèpo ìrẹsì kò wọ́n ní agbègbè Yàgbà, pàápàá ní ìhà Ejiba níbi tí omi Kampe ti ń rin oko. Ooru yóò jó èèpo náà, àyè kéékèèké tó fi sílẹ̀ ni yóò há afẹ́fẹ́ mọ́, tí kò fi ní jẹ́ kí ooru ààrò jáde. Kí irú ipele bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bíríkì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ ni yóò máa mu ooru yín.

Bí a bá mọ ọ́n tán, kí a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì kọ́kọ́ máa dá iná kékeré sí i lójoojúmọ́, kí omi inú amọ̀ lè máa jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iná ńlá ní ọjọ́ kìíní yóò sọ omi náà di ooru tó ń ti ògiri jáde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí, kí a sì ti fi páànù bo orí rẹ̀ kí òjò oṣù Igbe tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jìnnà sí pápá gbígbẹ àti abà, nítorí iná ọyẹ́.

Igi gbígbẹ nìkan ni ààrò ń fẹ́. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ìyẹn 20 nínú 100, yóò kọ́kọ́ ná ooru rẹ̀ lórí omi náà, èéfín ni yóò sì máa fún yín. Kí a là á wẹ́wẹ́, kí a tò ó sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ojú rẹ̀ kọjá, kí ọyẹ́ sì bá a níbẹ̀. Àyìn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó le, ó sì ń jó pẹ́. Ẹ̀ka tí a gé lára kajú àti máńgòrò nígbà tí a bá ń tún oko ṣe náà wúlò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi tó ń so òrí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, àwọn ìyá wa sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Èèpo èso kajú kò gbọ́dọ̀ wọ inú ààrò oúnjẹ, nítorí pé òróró inú rẹ̀ ń bó ènìyàn lára, èéfín rẹ̀ sì ń ta lójú. Bákan náà ni pákó tí a ti fi ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò kùn.

Igi, èédú àti gáàsì, ìta gbangba ni ibi wọn. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tó ń ti inú iná jáde kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kí písà di ọjọ́ mìíràn.

Irú iná tí ẹ bá yàn yóò tún yí ohun tí ẹ ó pò padà. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì wa máa ń ní ṣúgà púpọ̀ nínú, ṣúgà a sì dúdú kíákíá ní 430°C, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò bí ààrò yín bá gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nínú ófùn oní-250°C, ṣúgà àti òróró díẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ kí ojú rẹ̀ lè pọ́n. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà fún wa kì í yọ́ bí ṣíìsì mozzarella ti ń yọ́. Mo máa ń rún un sórí ata àti ẹja gbígbẹ, ó sì máa ń pọ́n létí, ó dùn gan-an.

Fún àwọn tó wà láàrin méjì, tí wọ́n ní ọgbà ṣùgbọ́n tí ilé kì í kún àfi ní ìgbà ọdún, ààrò kékeré tó ń jó igi tó sì tún lè jó gáàsì wà, irú èyí tí Ooni ń pè ní Karu. Igi yóò wà fún ìgbà tí gáàsì bá tán, gáàsì yóò sì wà fún alẹ́ tí kò sí àyè láti ko iná. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun, ẹ sọ fún un kí ó ra ẹnu iná gáàsì rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á.